Inú Ìkòkò Dúdú: Ìtàn Aró, Ọṣẹ àti Gaari ní Ilẹ̀ Ọ̀yọ́

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti ní láti dúró pẹ́ lẹ́bàá ààrò kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí ó rí ni pé ohun kan a máa wọ inú ìkòkò ní ìrísí kan, a sì máa jáde ní ìrísí mìíràn. Àti pé ẹni tí ó ń wo ẹ̀yìn ìkòkò nìkan kò lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà ní ayé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wádìí bí ohun kan ti í di òmíràn. Kẹ́mísírì ni a ń pè é. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rò pé ọkọ̀ òkun ni ó gbé e wá sí ilẹ̀ wa. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé àwọn ìyá wa ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́tipẹ́ pẹ̀lú ìkòkò mẹ́ta: ìkòkò aró, ìkòkò ọṣẹ, àti agbada gaari. Ohun tí wọ́n mọ̀ kì í ṣe kékeré, ewu sì ń bẹ bí a bá jẹ́ kí ó sọnù.

Ṣùgbọ́n kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn ohun tí a óò máa dárúkọ. Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni a fi àwọn ohun wẹ́wẹ́ kọ́, tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn. Átọ́ọ̀mù ni orúkọ wọn. Bí átọ́ọ̀mù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá so mọ́ ara wọn, a di ohun tí à ń pè ní mólékù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ara ohun alààyè, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ẹran, ìbáà ṣe ènìyàn, ni ó jẹ́ oríṣi átọ́ọ̀mù mẹ́rin: kábọ́ọ̀nù, háídrójìn, ọ́síjìn àti náítrójìn. Ẹnì kan lè béèrè pé, báwo ni ohun mẹ́rin péré ṣe lè di ewé àti oyin àti májèlé? Kí onítọ̀hún wo èdè rẹ̀. Àwọn lẹ́tà kan náà ni a fi ń kọ igba, igbá, ìgbà àti igbà; àmì orí wọn nìkan ni ó yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan jẹ́ iye, ọ̀kan jẹ́ ohun èlò, ọ̀kan jẹ́ àkókò, èkejì sì jẹ́ okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Bí átọ́ọ̀mù ti rí nìyẹn. Iye wọn àti ọ̀nà tí a gbà tò wọ́n ni ó ń sọ wọ́n di oúnjẹ tàbí oró.

Ní ìgbà kan, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbà gbọ́ pé agbára ìyè kan wà nínú ohun alààyè tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyíkéyìí nínú mólékù wọn. Ní ọdún 1828 ni Friedrich Wöhler, ará Jámánì, ṣe yúríà, èyí tí ó wà nínú ìtọ̀ ènìyàn àti ẹranko, láti inú ohun tí kò ti ara ẹ̀dá alààyè kankan wá. Láti ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. A ó rí i láìpẹ́ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wá kan àwọn aláró wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aró. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1825 ni Hugh Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì gba ọ̀nà oko lọ títí ó fi dé Ọ̀yọ́ Ilé, níbi tí Aláàfin ń gbé nígbà náà, ní oṣù kìíní ọdún 1826. Nígbà tí ó dé Ìjànà ní ojú ọ̀nà, ó rí àwọn ahunṣọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rí ilé àwọn aláró, tí ìkòkò inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní ogún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aró náà dára púpọ̀, kì í sì í ṣá. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà. Àwọn tí ogun lé kúrò kò lè ru ìkòkò aró sá, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọgbọ́n rẹ̀ lọ nínú orí wọn. Ní ibi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí, wọ́n mọ ìkòkò mìíràn. Etù, aṣọ tí àwọn àgbààgbà Ọ̀yọ́ fi ń jáde lọ́jọ́ ayẹyẹ, inú aró bẹ́ẹ̀ ni òwú rẹ̀ ti jáde.

Báyìí ni iṣẹ́ náà rí. Obìnrin a já ewé ẹlú tútù, a gún un nínú odó títí yóò fi kúnná, a ṣù ú ní ìṣù kékeré, a sì sá a sí oòrùn. Lẹ́yìn èyí, a wá eérú. A kó eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, a gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, a sì bu omi sí i lórí. Omi náà a máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, a sì yọ̀ bí ẹni fi ọwọ́ kan ọṣẹ. Inú omi eérú yìí ni a ń da ẹlú gbígbẹ sí. A bò ó, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, títí fòfó yóò fi bo ojú rẹ̀, tí yóò máa dán bí bàbà, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba àdúgbò. Nígbà náà ni a ń ti aṣọ bọ̀ ọ́. Bí aṣọ náà bá jáde, kì í dúdú. Ó ń jáde ní àwọ̀ ewé tí ó ń pọ́n díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti fẹ́ sí i, a máa yí padà lójú ẹni títí yóò fi di aró. A tún tì í bọ̀ ọ́, a tún yọ ọ́, nígbà púpọ̀, títí yóò fi dúdú bí ó ti yẹ.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Nínú ewé ẹlú, kò sí àwọ̀ aró rárá. Mólékù kan ni ó wà níbẹ̀ tí a so mọ́ ṣúgà, indican ni wọ́n ń pè é. Nínú ewé kan náà ni ohun mìíràn wà tí ó lè gé ìdè yìí. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ó sì jọ ìwúkàrà nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa yí ohun púpọ̀ padà. Níwọ̀n ìgbà tí ewé wà lórí igi, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ọmọ odó ni ó fọ́ ògiri àárín wọn. Ẹ́ńsáìmù gé ṣúgà kúrò, ohun tí ó ṣẹ́kù sì pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, méjì méjì wọn so pọ̀, wọ́n di aró. Ṣùgbọ́n aró kì í yòrò nínú omi, ohun tí kò bá sì yòrò kò lè wọ inú òwú. Nítorí náà ni a fi ń fi í sílẹ̀ nínú omi eérú. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa gbé inú ìkòkò náà, wọn a jẹ ṣúgà, wọn a lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán, wọn a sì sọ aró di ẹ̀yà kan tí ó ń yòrò. Ẹ̀yà yìí ni ó ń wọ inú òwú. Bí a bá yọ aṣọ síta, afẹ́fẹ́ tún sọ ọ́ di aró tí kì í yòrò, ó sì ti há sínú òwú náà. Ìdí nìyí tí omi kò fi lè fọ̀ ọ́ jáde.

Àwọn aláró ìgbà àtijọ́ a máa bọ Ìyá Màpó kí ìkòkò wọn má bàa bàjẹ́. Kí a má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mọ̀ pé ìkòkò aró kò rí bí ìkòkò omi, pé ohun kan wà láàyè nínú rẹ̀ tí ó lè kú, àti pé bí ó bá kú, aṣọ kò ní gba aró. Orúkọ tí wọ́n fún ohun náà yàtọ̀ sí èyí tí àwa ń fún un. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ó wà láàyè.

Ẹ wá wo bí ọdún kan ṣoṣo ti lè ru ẹrù méjì. Ní ọdún 1897, Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, nínú èyí tí ó kọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin pẹ̀lú ti àwọn ọba àti ogun. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a kò fi ewé ṣe. Adolf von Baeyer ni ó la ọ̀nà náà. Ó rí bí a ṣe lè ṣe aró ní 1880, ó sì mọ bí átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti tò ní 1883. Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 16, háídrójìn 10, náítrójìn 2, ọ́síjìn 2. Mólékù aró ilé-iṣẹ́ àti ti inú ẹlú, ọ̀kan náà ni wọ́n; kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Ìgbàgbọ́ tí Wöhler kọ́kọ́ mì ní 1828 ti wó pátápátá. Ní 1897, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 19,000 aró ni a ń rí láti ara ewé ní ayé. Ní 1914, kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà ni ó kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lúlú aró àti sódà oníná dé ọjà tiwa. Obìnrin tí ó ń fi ọjọ́ púpọ̀ gún ẹlú, tí ó sì ń sẹ́ eérú, rí i pé aládùúgbò òun ń parí iṣẹ́ kan náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Abẹ́òkúta, ní àárín àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ náà di ìjà ńlá láàrin Aláké àti àwọn alárò, nítorí àwọn oníbàárà ń ké pé aṣọ ń ṣá, sódà sì ń jẹ òwú. Ẹ kíyè sí i: mólékù aró kò yí padà, ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ọwọ́ tí ń lò ó ti dínkù.

Ìwé Johnson fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí ìwé tí a kọ sílẹ̀ bá lè sún mọ́ ìparun báyìí, kí ni kí a wí nípa ọgbọ́n tí kò sí ní ibì kan bí kò ṣe ní ọwọ́ arúgbó?

Ìkòkò kejì ni ti ọṣẹ. Eérú tí aláró ń wá ni ọlọ́ṣẹ náà ń wá. A ń sun èèpo kókó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí ìdì ẹyìn tí a ti kó èso orí rẹ̀ kúrò; a ń sẹ́ omi eérú wọn, a ń sè é títí yóò fi ki, a sì ń da epo tàbí àdín sí i, a ó máa rò ó lórí iná fún ìgbà pípẹ́. Epo pupa tí ó wọ inú ìkòkò náà a sọnù, ọṣẹ dúdú a sì jáde.

Ẹni tí ó tú àṣírí yìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ni Michel Eugène Chevreul, ará Faransé, nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1823. Ó fi hàn pé mólékù epo dàbí igi agbọ́n tí a so irù mẹ́ta mọ́. Orí rẹ̀ ni gílísírìn. Irù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ásíìdì ọ̀rá. Omi eérú ni ó ń já irù náà kúrò ní orí. Bí ìrù kọ̀ọ̀kan bá sì ti bọ́, ohun kan láti inú eérú, tí à ń pè ní pọtásíọ̀mù, a gbá a mú, a di ọṣẹ. Ìdí ọṣẹ kan fẹ́ràn omi, ìdí kejì fẹ́ràn ọ̀rá. Nítorí náà ni ó fi lè di èérí olọ́ràá mú ní apá kan, kí omi sì fà á lọ ní apá kejì. Ó yẹ kí a rántí pé Chevreul kan náà ni a fi ṣe olórí iṣẹ́ aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní 1824. Ní Párísì, bí ó ti rí ní Ọ̀yọ́, aláró àti ọlọ́ṣẹ kò jìnnà sí ara wọn.

Àwọn obìnrin wa mọ ohun púpọ̀ tí a lè fi ìmọ̀ yìí túmọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọṣẹ wa rọ̀, ti òyìnbó sì le. Ìdí rẹ̀ ni pé pọtásíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú eérú igi oko, ọṣẹ tirẹ̀ a sì máa rọ̀. Ilé-iṣẹ́ ń lo sódíọ̀mù tí ó ti inú iyọ̀ wá, tirẹ̀ a sì máa le. Wọ́n mọ̀ pé ọṣẹ àdín a máa hó ju ti epo pupa lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé irù inú àdín kúrú ju ti epo pupa lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo pupa ni palmitic acid, ó sì tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Igi ọ̀pẹ ni ó fún un ní orúkọ, nítorí inú epo ọ̀pẹ ni Frémy ti rí i ní 1840. Gílísírìn tí ilé-iṣẹ́ ń yọ lọ tà lọ́tọ̀ a máa wà nínú ọṣẹ dúdú síbẹ̀, ó sì ń ran awọ ara lọ́wọ́ kí ó má gbẹ. Ilé-iṣẹ́ Lever dé ilẹ̀ wa ní 1923, ọṣẹ líle sì kún ọjà. Ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú kò kú bí ẹlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Títí di òní, a ń tà á ní ọjà Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Agbada gaari ni ó kẹ́yìn, òun náà ni ó sì wúwo jù, nítorí ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn ará Potogí ni wọ́n gbé e dé etíkun wa, àwọn tí ó ti oko ẹrú padà dé láti Bràsíìlì àti Sàró ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà lára àwọn tí ó tan ọgbọ́n gaari kálẹ̀. Nínú ẹ̀gẹ́ ni mólékù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ linamarin. Bí ti ẹlú, ṣúgà ni a so ó mọ́. Bí ti ẹlú, ẹ́ńsáìmù tí ó lè gé ìdè náà ń gbé ní yàrá ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ìdè yìí, àwọ̀ kọ́ ni ó ń jáde. Sáyánáìdì ni ó ń jáde, oró tí kì í jẹ́ kí ara lè lo ọ́síjìn tí a mí sínú. Ọ̀nà tí ẹ̀gẹ́ fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àti ẹranko nìyẹn.

Ẹ wá wo iṣẹ́ àwọn ìyá wa. Wọ́n bó èèpo rẹ̀, níbi tí oró pọ̀ sí. Wọ́n rin ín, ẹ́ńsáìmù àti linamarin sì pàdé. Wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan. Omi ń ro jáde pẹ̀lú oró, ẹ̀gẹ́ sì ń kan. Wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n sì yan án nínú agbada gbígbóná. Ooru ìwọ̀n 26 ti Celsius péré ti tó láti mú kí sáyánáìdì di èéfín. Nítorí náà, ohun tí ó bá kù a bá afẹ́fẹ́ lọ lórí iná. Láti fọ́, láti dúró, láti fún, láti yan: ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kò sì sí ọ̀kan tí kò ní ìdí.

Níbi tí a bá ti gé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kúrú, ìyà rẹ̀ ti hàn. Ní ilẹ̀ Kóńgò, a kọ nípa àrùn kan ní 1938 tí ó ń rọ ẹsẹ̀ ọmọdé àti obìnrin lójijì. Konzo ni wọ́n ń pè é. Ní Mòsáḿbíìkì ní 1981, nígbà ọ̀dá, ó mú ju ènìyàn 1,000 lọ, nítorí ebi kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró kí ẹ̀gẹ́ kíkorò gbẹ bí ó ti yẹ. Ní ilẹ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Ìbàdàn wádìí àrùn iṣan kan láàrin àwọn tí ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, ó sì tẹ ìwé kan jáde nípa rẹ̀ ní 1968. Ó rí i pé àmì sáyánáìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e ti jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kò jiyàn lé lórí. Imí-ọjọ́ inú ẹja, ẹran àti ẹyin ni ara ènìyàn fi ń pa oró sáyánáìdì, tí ó sì ń tì í jáde nínú ìtọ̀. Ẹni tí ó ń jẹ gaari láì ní ohun tí yóò fi jẹ ẹ́, àléébù méjì ni ó ń ru. Kí àwọn tí ń sáré owó, tí wọ́n rin ẹ̀gẹ́ ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ yan án ní ọ̀sán, gbọ́ èyí. Ọjọ́ tí a fi òkúta lé àpò kì í ṣe ọjọ́ ìmẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí a bá kó ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, a ó rí i pé ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ. Ohun alààyè a máa so nǹkan pọ̀: ó so aró mọ́ ṣúgà, ó so irù ọ̀rá mọ́ gílísírìn, ó so oró mọ́ ṣúgà. Iṣẹ́ àwọn ìyá wa ni láti mọ ohun tí ó lè tú ìdè kọ̀ọ̀kan: odó, eérú, àkókò, iná. Wọn kò mọ orúkọ átọ́ọ̀mù kankan, èmi kò sì ní purọ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ohun tí a ń ṣe. Chevreul àti Baeyer mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní 1896 ni a dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún kíkọ́ àwọn olùkọ́. Ní 1990 ni Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kò wọ́n wa mọ́. Ohun tí ó kù ni kí ọmọ tí ń kọ́ kẹ́mísírì mú ìwé àti kálàmù, kí ó lọ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà tí ó ṣì mọ ẹlú gún, kí ó sì béèrè: eérú igi wo ni ẹ ń lò, ẹ̀yin ìyá mi? Ọjọ́ mélòó ni ẹ ń dúró? Kí ni ẹ ń wò kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti tó? Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ, kí ó tó padà lọ wádìí ìdí rẹ̀. Kí ó má pẹ́ kí ó tó lọ, nítorí àwọn tí ó lè dá a lóhùn kò pọ̀ mọ́.